Tẹ́tẹ́, Òfin Ìlú àti Ẹ̀rí-Ọkàn Onígbàgbọ́



Nínú ẹ̀kọ́ wa lórí Òfin Keje, èyí tí ó kọ olè jíjà, a ti sọ̀rọ̀ nípa ìrẹ́jẹ nínú òṣùwọ̀n ọjà, a sì ti sọ̀rọ̀ nípa owó-ọ̀yà tí a kò san fún alágbàṣe. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti bi mí léèrè, tí n kò sì dáhùn rẹ̀ dáadáa nígbà àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ ni. Mo fẹ́ kí a gbé e yẹ̀ wò pẹ̀lú sùúrù, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí ń ta tẹ́tẹ́ nìkan. Ó kan ẹni tí kò ta á rí pẹ̀lú.

1. Ìbéèrè ọ̀dọ́mọkùnrin kan

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ wa tí ó ń wa zẹ́mijáàn. Ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́kànlá ń kó owó àjọ sí, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n sí olóòótọ́. Láàárín oṣù méjì, ó fi owó àjọ náà ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí tẹlifóònù rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, 500 fráǹkì lónìí, 2 000 fráǹkì lọ́la, títí gbogbo rẹ̀ fi tán. Ẹni tí ó kàn láti kó àjọ ní oṣù náà jẹ́ baba ọlọ́mọ mẹ́ta, ó sì ti pinnu láti fi owó náà san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí wá bá mi, kò kọ́kọ́ sunkún. Ó bi mí pé: «Olùkọ́, ṣebí ẹ̀yin ni ẹ kọ́ wa pé kí onígbàgbọ́ máa pa òfin ìlú mọ́? Òfin kan kò mú mi. Ìjọba fúnra rẹ̀ ń ta lótò. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́, yàtọ̀ sí pé n kò jẹ?»

Òótọ́ ni pé èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ fún wọn pé ẹni tí ó bá san owó-orí rẹ̀, tí ó sì pa òfin ìlú mọ́, ti ṣe ojúṣe rẹ̀ sí ìlú. Ẹ̀kọ́ náà kò pé. Ìyókù rẹ̀ ni mo ń kọ sí yín yìí.

2. Kí ni Ìjọ Mímọ́ fi kọ́ wa?

Ẹ má ṣe yára sọ pé gbogbo eré tí a bá fi owó lé lórí jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ìjọ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé Katikísìmù ti Ìjọ Kátólíìkì, èyí tí Póòpù Jean-Paul Kejì fi lélẹ̀ ní 1992, sọ̀rọ̀ lórí èyí ní ìpínrọ̀ 2413. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé irú eré bẹ́ẹ̀ kò lòdì sí òdodo fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n pé ó lè di ibi. Láti inú ẹ̀kọ́ náà, a lè mú ìwọ̀n mẹ́ta lọ́wọ́.

Ìwọ̀n kìíní: owó ta ni? Bí owó tí mo fi ta tẹ́tẹ́ bá jẹ́ owó oúnjẹ ilé, owó oògùn ìyá mi, tàbí owó àjọ, mo ti mú ohun tí kì í ṣe tèmi láti fi ṣeré.

Ìwọ̀n kejì: ǹjẹ́ mo lè dáwọ́ dúró? Eré tí ènìyàn kò lè fi sílẹ̀ mọ́ kì í ṣe eré. Ó ti di ọ̀gá rẹ̀, òun sì ti di ẹrú.

Ìwọ̀n kẹta: ǹjẹ́ ìrẹ́jẹ wà níbẹ̀? Ẹni tí ó bá ń tan ẹnìkejì rẹ̀ nínú eré owó jẹ̀bi ohun wíwúwo, àfi bí ìpalára náà bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí a tàn kò ka a sí.

Ìwé Mímọ́ pàápàá fi ìyàtọ̀ yìí hàn wá. Àwọn Àpọ́sítélì ṣẹ́ gègé láti mọ ẹni tí yóò gba ipò Júdásì, gègé náà sì mú Màtíásì. Àwọn ọmọ-ogun náà ṣẹ́ gègé lábẹ́ àgbélébùú, lórí ẹ̀wù Jésù tí kò ní ojú rírán. Gègé ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn ti àkọ́kọ́ ń wá ìfẹ́ Ọlọ́run, àwọn ti ìkejì sì ń fi ohun-ìní ẹni tí ń kú lọ lójú wọn ṣe eré. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin wa ń tẹ nọ́ńbà lórí tẹlifóònù rẹ̀, ẹ̀wù ta ni ó ń ṣẹ́ gègé lé lórí? Ẹ̀wù ilé-ìwé àwọn ọmọ mẹ́ta ni.

3. Ògiri tí àwọn ará àtijọ́ mọ

Ẹ jẹ́ kí a wá wo òfin ìlú. Púpọ̀ nínú òfin wa ni a jogún láti ọ̀dọ̀ àwọn Faransé tí wọ́n ṣàkóso Dahomey. Ní ilẹ̀ wọn, ìwé òfin ti 1804, èyí tí Napoléon fi lélẹ̀, sọ pé ilé-ẹjọ́ kò ní bá ẹnikẹ́ni gba gbèsè tẹ́tẹ́. Ẹni tí ó bá sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ san án kò lè gbà á padà, àfi bí a bá rẹ́ ẹ jẹ. Ìwé òfin ìjìyà ti 1810 fi ìyà sí orí ẹni tí ó bá ṣí ilé tẹ́tẹ́ láìgba àṣẹ. Ní 1836, òfin mìíràn kọ lótò fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní 1933, ìjọba Faransé dá lótò ti ara rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira, àwa náà tọ ọ̀nà yìí: Tógò dá lótò ìjọba sílẹ̀ ní 1966, Dahomey sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967, kí orúkọ ilẹ̀ wa tó di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ó wà nídìí gbogbo òfin wọ̀nyí. Àwọn tí wọ́n ṣe wọ́n gbà pé tẹ́tẹ́ ní ilé. Ilé náà ní ilẹ̀kùn, ọlọ́pàá sì lè dúró níbẹ̀. Ẹni tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ń fi ojú ara rẹ̀ rí i bí ó bá jẹ́ ọmọdé ni ó wá. Wọn a máa ti ilẹ̀kùn ní alẹ́. Owó àpò ẹni a máa tán, ẹni náà a sì padà sílé. Ojú àwọn ará àdúgbò pàápàá dàbí òfin: ta ni yóò fẹ́ kí àna rẹ̀ bá òun lẹ́nu ọ̀nà ilé tẹ́tẹ́?

Tẹlifóònù ti wó ògiri náà. Ilé tẹ́tẹ́ wà nínú àpò báyìí. Kì í tì ní òru. Ẹnikẹ́ni kò rí ẹni tí ó wọlé. Láti ìgbà tí owó orí tẹlifóònù ti dé ọ̀dọ̀ wa, ọwọ́ kan náà tí a fi ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá wa ní abúlé ni a fi ń fi owó ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ tí olú-ilé rẹ̀ wà ní òkè òkun, níbi tí ọlọ́pàá Kétu tàbí ti Sábẹ̀ kò lè dé. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ògiri òfin ti lanu, ará mi, kì í sì í ṣe aláǹgbá kan ni ó wọlé.

4. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a yí òfin padà?

Àwọn kan ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kan òfin tí wọ́n bá nílẹ̀. Ẹni Mímọ́ Thomas d'Aquin béèrè ìbéèrè yìí gan-an ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá, nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run. Ìdáhùn rẹ̀ ní apá méjì. Apá kìíní ni pé ó tọ́ kí a yí òfin tí ènìyàn ṣe padà bí ipò àwọn ènìyàn bá ti yí padà, nítorí ohun tí ó ṣe wọ́n ní àǹfààní lánàá lè má ṣe wọ́n ní àǹfààní lónìí. Apá kejì ni pé kí a má ṣe yí i padà nítorí ohun kékeré, nítorí àṣà ni ó ń fún òfin ní agbára. Bí a bá ń yí i ní gbogbo ìgbà, ọ̀wọ̀ rẹ̀ yóò dínkù. Àǹfààní tí ìyípadà náà yóò mú wá gbọ́dọ̀ ju ohun tí yóò bàjẹ́ lọ.

Bí onílù bá yí ìlù padà, oníjó a yí ẹsẹ̀ padà. Ìlù ti yí padà. Òfin tí ó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn nìkan, nígbà tí kò sí ilẹ̀kùn mọ́, kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń jẹ́ kí àwa tí ọwọ́ wa mọ́ sùn dáadáa ni.

Àwọn ìlú mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ilẹ̀ Faransé, tí a ti jogún òfin àtijọ́, ṣe òfin tuntun ní oṣù karùn-ún 2010 fún tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó pọn dandan pé kí ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ gba tẹ́tẹ́ gba àṣẹ. Kí ó mọ ẹni tí oníbàárà rẹ̀ jẹ́ ní tòótọ́. Kí ó má gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Kí ẹni tí ń ta tẹ́tẹ́ sì dá iye owó tí òun kò ní kọjá. Ìwé kan tún wà lọ́wọ́ ìjọba níbẹ̀ tí ẹni tí tẹ́tẹ́ ti mú lẹ́rú lè ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sí: fún ọdún mẹ́ta, ilé tẹ́tẹ́ kò gbọdọ̀ gbà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tí wọ́n ṣe ní 2005 ti di ògbó kíákíá. Ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ kan wà tí ó lè gba 100 pọ́n-ùn lọ́wọ́ ènìyàn láàárín ogún ìṣẹ́jú-àáyá; ní oṣù kẹrin 2019, wọ́n dín iye náà kù sí 2 pọ́n-ùn. Ní 2025 ni wọ́n tó fi irú òdiwọ̀n bẹ́ẹ̀ sí orí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ti íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì jẹ́ kí ti àwọn ọ̀dọ́ kéré sí ti àwọn àgbà.

Ní Nàìjíríà, tí ó bá wa pààlà, ìjà náà jẹ́ lórí ta ni ó ni àṣẹ. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ níbẹ̀ fagi lé òfin lótò tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2005, ó sì sọ pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà ní òdìkejì pààlà mọ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì kò mọ pààlà. Nítorí náà, òfin ìlú kan ṣoṣo kò ní tó. Àwọn aládùúgbò gbọ́dọ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀.

5. Àtakò mẹ́ta

Àtakò kìíní: «Kí ìjọba kọ gbogbo tẹ́tẹ́, ọ̀rọ̀ tán.» Ẹni Mímọ́ Thomas ti dá irú ọ̀rọ̀ yìí lóhùn pẹ̀lú. Gbogbo ènìyàn ni a ń ṣe òfin ìlú fún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì tíì pé nínú ìwà rere. Nítorí náà kì í kọ gbogbo àìdára, bí kò ṣe àwọn tí ó wúwo jù, pàápàá èyí tí ń pa ẹlòmíràn lára. Àwa náà mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí òfin tí ó kọ ohun tí kò lè dá dúró. Ọ̀pọ̀ ọdún ni òfin fi kọ epo kpayo, síbẹ̀ ìgò epo tò sí ẹ̀bá ọ̀nà láti Àjàṣẹ́ títí dé Kétu. Ohun tí a bá lé wọ inú òkùnkùn kò ní olùṣọ́ mọ́.

Àtakò kejì: «Owó lótò ń wọ àpò ìjọba, ó sì ń ṣe ìlú láǹfààní.» Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a bi ara wa pé: láti àpò ta ni owó náà ti jáde? Bí ó bá jẹ́ ti ẹni tí ó ní tó, tí ó fi díẹ̀ ṣeré, kò burú. Bí èrè náà bá dúró lé ẹni tí kò lè dáwọ́ dúró, a ń fi omijé ilé kan kọ́ ilé-ìwé fún òmíràn. Nítorí èyí, kò yẹ kí ọwọ́ tí ń ta lótò jẹ́ ọwọ́ kan náà tí ń ṣọ́ ọ. Ẹni tí ń jẹ èrè ọjà kì í ṣe adájọ́ òṣùwọ̀n rẹ̀.

Àtakò kẹta ni ó súnmọ́ wa jù: «Olùkọ́, ìjọ wa náà ń ṣe tọ̀mbólà ní ọjọ́ ìkórè.» Ẹ tọ̀nà láti sọ ọ́. Tọ̀mbólà ìjọ ń ṣẹlẹ̀ ní ojú gbogbo ènìyàn, ó ń parí ní ọjọ́ kan, gbogbo wa sì rí òrùlé tí a fi owó rẹ̀ kàn. Síbẹ̀, ìwọ̀n mẹ́ta yẹn kan òun náà. Bí opó kan bá fi owó ọbẹ̀ rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì nítorí ojú ń tì í lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwa tí a tà á fún un ni yóò jíhìn. A kò lè béèrè òdodo lọ́wọ́ ìjọba kí a má sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ara wa.

6. Òfin rere kò tó

Bí a bá tún òfin ṣe tán, ọkàn ènìyàn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí Ẹni Mímọ́ Camille de Lellis, tí a bí ní Ítálì ní 1550. Ọmọ-ogun ni, tẹ́tẹ́ sì ni àìsàn rẹ̀. Nítorí tẹ́tẹ́ àti ìjà, wọ́n lé e kúrò ní ilé-ìwòsàn kan ní Róòmù níbi tí ó ti ń tọ́jú egbò ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ó sì ń ṣiṣẹ́. A sọ pé ní Naples ó ta tẹ́tẹ́ títí ó fi pàdánù ẹ̀wù ọrùn rẹ̀. Ó di alágbàṣe lọ́dọ̀ àwọn arákùnrin Capucin tí ń kọ́lé, ibẹ̀ sì ni Ọlọ́run ti mú un ní 1575. Ó padà sí ilé-ìwòsàn kan náà tí ó ti lé e, ó di alábòójútó rẹ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn sílẹ̀. Ìjọ kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́ ní 1746. Orúkọ rẹ̀ ni Grégoire Ahongbonon, ọmọ ilẹ̀ wa, fún ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú, èyí tí ó ní ibùdó ní Avrankou, nítòsí Àjàṣẹ́.

Ẹ wo ohun méjì nínú ìtàn yìí. Oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run lè dá atatẹ́tẹ́ nídè. Ṣùgbọ́n ẹnìkan fún un ní iṣẹ́, ilé kan sì tún ṣí ilẹ̀kùn fún un. Oore-ọ̀fẹ́ a máa gba ọwọ́ ènìyàn kọjá, òfin rere sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọwọ́ náà.

7. Kí ni kí ẹ ṣe?

Ẹni tí ó bá ń ta tẹ́tẹ́ nínú yín, kí ó fi ìwọ̀n mẹ́ta yẹn wọn ara rẹ̀. Bí ó bá rí i pé òun kò lè dáwọ́ dúró, kí ó má fi pamọ́: kí ó sọ fún àlùfáà, fún olùkọ́, tàbí fún ẹnìkan nínú ilé, kí ó gbé ìtọ́jú owó lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ gbèsè, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí san án. Sákéù kò dúró de ọjọ́ mìíràn.

Ẹni tí kò ta tẹ́tẹ́ rí, kí ó má sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Ẹ ní aṣojú ní kọmúnù, ẹ ní aṣòfin ní Àjàṣẹ́, ẹ wà nínú ẹgbẹ́ òbí ilé-ìwé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn: báwo ni a ṣe ń dá ọmọdé dúró lórí tẹlifóònù? Níbo ni ẹni tí ó fẹ́ jáwọ́ ti lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀? Ta ni ń ṣọ́ ẹni tí ń tà? Ìfẹ́ ọmọnìkejì kò parí sí pé n kò jí ohun rẹ̀. Ó tún ń béèrè pé kí n bá a tún ògiri rẹ̀ mọ.

Èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin náà jọ lọ bá àwọn mọ́kànlá náà. Inú bí wọn gidigidi. Ọ̀kan ní kí a pe ọlọ́pàá. Baba ọlọ́mọ mẹ́ta náà kò sọ̀rọ̀ rárá, èyí sì ni ó dun ọ̀dọ́mọkùnrin náà jù. Ìgbà náà ni ó sunkún. Wọ́n gbà níkẹyìn pé kí ó máa san 1 000 fráǹkì lójoojúmọ́. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó bi mí bóyá Ìrìbọmi yóò pa gbèsè náà rẹ́. Mo dá a lóhùn pé omi Ìrìbọmi ń wẹ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ nù, kò sí èyí tí ó pọ̀ jù fún un. Ṣùgbọ́n owó àjọ ṣì jẹ́ ti àwọn tí ó dá a. Ó ń san án títí di òní, ó sì ń wá sí ẹ̀kọ́.

Ìbéèrè fún àṣàrò

1. Nínú ìwọ̀n mẹ́ta tí a sọ, èwo ni ó le jù fún mi?

2. Ǹjẹ́ ohun kan wà tí òfin ìlú gbà mí láyè láti ṣe, tí ẹ̀rí-ọkàn mi kò gbà?

3. Ta ni ó wà ní àdúgbò mi tí tẹ́tẹ́ ti mú lẹ́rú, kí ni mo sì ti ṣe fún un?

Kí Olúwa, ẹni tí wọ́n ṣẹ́ gègé lé ẹ̀wù rẹ̀, fi aṣọ funfun ti Ìrìbọmi wọ̀ yín ní ọjọ́ náà, kí ó sì pa yín mọ́ nínú rẹ̀. Àmín.